98 nínú 100 tó tàn mí jẹ: ìrírí wa lórí ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí ọ̀dà ti sán

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin yòókù tẹ̀ lé mi. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ láti máa wá ibi tí ọ̀dà ojú ọ̀nà ti sán nínú fọ́tò gba 98 nínú 100. Inú mi dùn débi pé mo ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́ náà kí n tó ṣí àwòrán tó gbé jáde wò. Dúdú ni láti òkè délẹ̀. Kò rí ibi tó sán kan ṣoṣo!

Nínú fọ́tò ojú ọ̀nà, tíńtín ni ibi tó sán máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ píksẹ̀lì (àwọn àmì tíńtín tó para pọ̀ di fọ́tò) 2 ló sán nínú 100, ẹ̀rọ tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní "kò sán" ti gba 98 láìṣiṣẹ́ kankan. Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ni mo máa ń béèrè. Nínú ohun tó sán lóòótọ́, mélòó ló rí? Recall nìyẹn. Nínú èyí tó ní òun rí, mélòó ló sán lóòótọ́? Precision nìyẹn. F1 ni máàkì tó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá gbé accuracy nìkan (iye píksẹ̀lì tí ẹ̀rọ pè bó ṣe yẹ nínú gbogbo rẹ̀, irú 98 yẹn) wá bá mi, mi ò ní gbà á.

*

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín jọ tèmi. Ọ̀nà Otsu ti 1979, tó ń pín fọ́tò sí dúdú àti funfun, ni mo kọ́kọ́ lò. Bí òjìji igi bá ti bọ́ sójú ọ̀nà, gbogbo òjìji náà ló máa pè ní sísán. Canny ti 1986, tó ń wá etí ohun inú fọ́tò, ní tirẹ̀ ń fa ìlà yí òkúta wẹ́wẹ́ inú ọ̀dà ká. U-Net ti 2015, ẹ̀rọ tó ń fi fọ́tò tí èèyàn ti fa ìlà sí kọ́ṣẹ́, ló wá fi mí lọ́kàn balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣàṣìṣe. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni kámẹ́rà ń ya ojú ọ̀nà, nítorí náà fọ́tò tó tẹ̀ léra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo pò wọ́n pọ̀, mo mú díẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ, mo fi ìyókù dán an wò. Kò yàtọ̀ sí kí olùkọ́ ti ka ìbéèrè ìdánwò fún ọmọ. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀nà tí kò rí rí, F1 rẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi. Odindi ọ̀nà ni mo ń yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò báyìí.

*

Èmi wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ fa ìlà sórí fọ́tò, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ. Wọ́n fún èmi àti ẹnì kejì mi ní fọ́tò kan náà, ìlà wa ò bára mu. Ibi tó sán lè má fẹ̀ ju píksẹ̀lì 3 lọ. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní 2, máàkì ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ó rí ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fàyè gba kí ìlà yẹ̀ ní píksẹ̀lì 2, àwọn mìíràn 5. Ẹ máa béèrè èwo ni wọ́n lò kẹ́ ẹ tó fi F1 méjì wéra.

Ọ̀gá kan tó ń tún ọ̀nà ṣe tún wo àwòrán wa, ó ní ibi tí a kùn ní pupa yẹn, àwọn ti fi ọ̀dà dí i tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti dí ti ní àmì tirẹ̀ báyìí.

*

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò ẹ̀yìn òjò náà. Ojú ọ̀dà á ti gbẹ, omi á ṣì wà nínú ibi tó sán, etí rẹ̀ á dúdú, á wá dà bíi pé ó fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. A padà lọ ya ọ̀nà kan náà nígbà tó gbẹ tán, ìbú tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ sì dín kù.