"Ìyípadà àwọ̀" kọ́, "àtúnwọ̀n" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan nínú wa dábàá "ìyípadà àwọ̀" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ tí a ń ṣe kí fọ́tò tí a tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà má bàa rí bákan lórí fóònù. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe, mi ò sì lè fara mọ́ ọn. Òdìkejì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ.

Kọ̀ǹpútà kò mọ pupa, nọ́ńbà ló mọ̀, láti 0 dé 255. Òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n ló máa sọ irú pupa tí nọ́ńbà náà jẹ́. Òṣùwọ̀n sRGB, tí HP àti Microsoft gbé jáde ní 1996, ló gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Òṣùwọ̀n mìíràn, Adobe RGB, dé ní 1998, ó sì fẹ̀ jù ú lọ: àwọ̀ tó ń gbà pọ̀ jù. Pupa tí sRGB ń pè ní 255, 219 ni Adobe RGB ń pè é. Pupa kan náà ni o! Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà méjì á mọ̀ ọ́n: tí a bá fi kóńgò kékeré tún gàrí tí a fi kóńgò ńlá wọ̀n wọ̀n, iye kóńgò á lé, gàrí ò ní lé, kò sì ní dín.

Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe fọ́tò ìyàwó kan tó wọ àláárì. Lójú kọ̀ǹpútà mi, pupa rẹ̀ jinlẹ̀, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka òwú ara rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó pè mí: "Ṣé aṣọ ọmọ mi ti ṣá ni?" Mo lọ wo fóònù wọn. Lóòótọ́, ó rí bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Adobe RGB ni mo fi gbé e jáde, ibi tí mo gbà fi ránṣẹ́ sì ti yọ orúkọ òṣùwọ̀n kúrò lára rẹ̀. Fóònù bá ka 219 bíi ti sRGB. Nọ́ńbà ò yí, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi yí. Ká ní mo ti fi sRGB tún un wọ̀n ni, nọ́ńbà ì bá yí, àwọ̀ ì bá dúró.

Nítorí náà, "àtúnwọ̀n" ni mo fara mọ́. Èyí tó wà nínú fọ́tò tó ń sọ òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní "àlàyé òṣùwọ̀n". "Àkọsílẹ̀ àwọ̀" tí ẹlòmíràn mú wá kò bá a mu, torí kò kọ àwọ̀ kankan nínú fọ́tò náà sílẹ̀. Tí a bá wá fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà, tí a kàn fi àlàyé mìíràn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, "pàṣípààrọ̀ àlàyé" nìyẹn. Òun gan-an ló ń yí àwọ̀.

Ibì kan wà tí àwọ̀ ti ń yí nínú àtúnwọ̀n pàápàá. Àwọn àwọ̀ ewé kan wà nínú Adobe RGB tí sRGB kò lè gbà. "Àkúnwọ́sílẹ̀" ni mo dábàá fún wọn, bíi gàrí tó dà sílẹ̀ létí kóńgò.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju "àlàyé òṣùwọ̀n" lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá. Ó gùn lẹ́nu àwọn ọmọṣẹ́ mi.