Àwòrán ojú, àwòjọ, tàbí àwòrán ẹni? Kí a fi Akhmatova dán wọn wò

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún àwòrán tí wọ́n yà láti fi ènìyàn kan pàtó hàn (“portrait” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ti di mẹ́ta báyìí: ẹnìkan dábàá “àwòrán ojú”, ẹlòmíràn dábàá “àwòjọ”, ìyẹn àwòrán tó jọ ẹni náà, ẹni kẹta sì rán wa létí “àkó”, ère olóògbé tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń gbẹ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n sì máa ń wọ aṣọ fún nígbà ètò ìsìnkú. Mo bẹ̀ yín kí a fi àwòrán Anna Akhmatova, akéwì Rọ́ṣíà (1889 sí 1966), dán wọn wò, nítorí pé àwọn tó yà á pọ̀, ọ̀nà wọn kò sì jọra.

Ní 1922, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Nikolai Gumilyov tó ti jẹ́ ọkọ rẹ̀ rí, ayàwòrán Kuzma Petrov-Vodkin ya orí Akhmatova, ó tóbi, ó sì gba iwájú àwòrán náà. “Àwòrán ojú” bá èyí mu. Ṣùgbọ́n ayàwòrán Amedeo Modigliani, tó mọ̀ ọ́n ní Paris, ńkọ́? Akhmatova sọ pé àwòrán mẹ́rìndínlógún ló fún òun, ẹyọ kan péré ló sì kù lọ́wọ́ òun. Nínú rẹ̀, obìnrin kan rọ̀gbọ̀kú; ìlà díẹ̀ ni ojú náà, gbogbo ara ni ayàwòrán ń tẹ̀ lé.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé jù ni ti ayàwòrán Nathan Altman, tó yà á láàárín 1914 sí 1915. Ẹ wo aṣọ aláwọ̀ aró, ìborùn aláwọ̀ ìyeyè, eegun ọrùn tó yọ, orúnkún tó mú ṣóńṣó, àti ẹ̀yìn àwòrán tó dà bí dígí tí a gé ní igun-igun. Akhmatova fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwòrán yìí ni wọ́n ń rí lọ́kàn. Bí jíjọ bá jẹ́ òdiwọ̀n wa, àwòrán tó fi igun-igun yí ìrísí padà yìí, tó sì lókìkí jù, ni a ó tì síta. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba “àwòjọ”. “Àkó” ní tirẹ̀, olóògbé ló wà fún, ààyè ni obìnrin yìí sì wà nígbà tí wọ́n ń yà á.

“Àwòrán ẹni” ni mo dábàá. Ẹni kò mọ sí ojú. Ìjókòó, aṣọ àti ìdúró wà nínú rẹ̀. Ó tún bí “ère ẹni”, tí a lè lò fún ère tánganran tí Natalia Danko fi Akhmatova ṣe ní 1924. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò gbọ́ ọ bí “ilé ẹni”, kí wọ́n rò pé àwòrán tí ayàwòrán ya ara rẹ̀ ni. Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n “àwòrán ara ẹni” wà fún ìyẹn, “ara” ló sì pààlà sí wọn. Bí orúkọ bá sì ti tẹ̀ lé e, “àwòrán Akhmatova” ti tó. Ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà yìí lápapọ̀ ni kò tíì ní orúkọ.

Ẹni tó bá ti gbọ́ “àwòrán ẹni” pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn ní àdúgbò rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ gbólóhùn náà ránṣẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ.