Ṣé kí n san owó OT aládàáni fún ọmọ mi tí ariwo àti aṣọ ń dà láàmú?

Ìyá Dára:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ná owó kan lórí OT, ìyẹn occupational therapist, oníṣẹ́ ìlera tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe nǹkan ojoojúmọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la wà, físà iṣẹ́ la fi wọlé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́fà. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń kàwé, tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn dáínọ́sọ̀, ilẹ̀ á ṣú kó tó tán. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gba nǹkan bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn gbẹ ọwọ́ bá dún nílé ìgbọ̀nsẹ̀, á sá jáde láìtíì fa ṣòkòtò sókè. Ojoojúmọ́ la ń jà lórí yúnífọ́ọ̀mù: ibi tí wọ́n ti rán ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ń gún un, kọ́là ń fún un lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù náà tóbi jù ú lọ. Oúnjẹ tó bá ti ń fà tàbí tó ń yọ̀, kò ní fẹnu kàn án. Kó ṣáà rí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lórí tábìlì, èébì ti ń gbé e nìyẹn. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì yíyan àti kùkúńbà ló ń jẹ. Irun gígẹ̀ kò ṣeé sọ. Tí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, bí onílù bá ti fọwọ́ kan ìlù, abẹ́ tábìlì lẹ máa bá a.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ yìí kan náà ló ń fi ara sọ àga, tó ń fò láti orí àtẹ̀gùn, tó sì ń bẹ̀ mí pé kí n dì mọ́ òun kó le.

Ilé ìwé ní ká lọ bá GP, dókítà àdúgbò wa. GP kọ̀wé sí àwọn OT ọmọdé ti NHS, ètò ìlera ìjọba, wọ́n ní ìlà gùn, ó lè ju ọdún kan lọ. Mo wá rí OT aládàáni kan nítòsí. £650 ni fún àyẹ̀wò àti ìwé àbájáde, £95 fún wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì fẹ́ kí n san ti ìgbà méjìlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó tí à ń tọ́jú de físà wa ni mo máa fọwọ́ kàn.

Ṣé ó tọ́ kí n san án? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ tún sọ fún mi pé tí mo bá béèrè ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ lọ́dọ̀ ìjọba, ó lè kó bá físà wa. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Dára. Bí Kẹ́hìndé wa ṣe rí gan-an nìyí. A ò gbé e lọ sọ́dọ̀ báábà mọ́. Àlùmọ́gàjí ni mo fi ń gé irun rẹ̀ nílé, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé ó tó. A ra ear defenders, ohun tí wọ́n fi ń bo etí kí ariwo má wọlé, sínú ọkọ̀. Tí a bá ní òde, a máa ń débẹ̀ kí wọ́n tó tan sípíkà, a sì máa ń jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ bà á jẹ́.

Ìyá Àgbà Òṣogbo:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mú ọmọ náà wá sílé fún ọdún kan. Jẹ́ kó fẹsẹ̀ lásán rìn lórí yanrìn, kó gun igi, kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Owó tí o fẹ́ kó lé àwọn òyìnbó lọ́wọ́ á tọ́ ọ dáadáa níbí. Àbúrò mi kan kì í fẹnu kan ohun tó bá ń fà nígbà tó wà léwe, lọ́yà ló dà lónìí.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́:
Màmá, ẹ kú àánú ọmọ. OT ni mí, OAU ní Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, àwọn ọmọdé ni mò ń tọ́jú ní Ìlú Ọba báyìí. Yanrìn àti igi gígùn tí ẹ sọ yẹn, ara rẹ̀ ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mà, mi ò fara mọ́ kó wá sílé. Ọmọ tí kọ́là aṣọ ń dà láàmú, tí a bá tún yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí a gbé e sáàárín jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àdúgbò, ìnira rẹ̀ á pọ̀ sí i ni. OT wà nílé, wọ́n ń kọ́ wọn ní Ifẹ̀ àti ní Oshodi, MRTB, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé kò pọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n pọ̀ sí, àpò òbí lowó sì ti ń jáde níbẹ̀ náà.

Ìyá Dára, ohun tí ọmọ ní láti ṣe lójúmọ́ ni OT ń wò: kó jẹun, kó wọṣọ, kó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó jókòó ní kíláàsì, kó ṣeré. OT ará Amẹ́ríkà kan, Jean Ayres, tó ṣiṣẹ́ ní California, ló gbé ọ̀rọ̀ sensory integration kalẹ̀, ìyẹn bí ọpọlọ ṣe ń to ohun tí ara ń gbọ́ àti ohun tó ń rí pọ̀ àti ìtọ́jú tó dá lé e, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1972. Yàtọ̀ sí ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara, ó tẹnu mọ́ méjì tí a kì í fiyè sí. Ọ̀kan wà nínú etí, òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ń yí tàbí òun fẹ́ ṣubú. Èkejì wà nínú iṣan àti oríkèé, òun ló ń sọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa wà láìwò wọ́n. Ọmọ kan náà lè máa sá fún ariwo, kó sì máa wá ohun tó máa tẹ iṣan rẹ̀. Bó ṣe ń fi ara sọ àga àti bó ṣe ń fẹ́ kí ẹ di òun mọ́ra kì í ṣe ìwà ìpáǹle. Títẹ ara báyẹn máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ọmọ balẹ̀.

Lórí bóyá ó ń ṣiṣẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi, síbẹ̀ mi ò ní purọ́ fún yín. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà sọ pé OT lè lo irú ìtọ́jú yìí gẹ́gẹ́ bí ara ètò tó gbòòrò, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún òbí pé ẹ̀rí ìwádìí kò tíì pọ̀. Àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Wales àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2022. Àwọn ọmọ 138 tó ní autism ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò rí i pé ìwà àwọn tó gba sensory integration dára ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi ò ní san ti ìgbà méjìlá ṣáájú. Ẹ san ti àyẹ̀wò nìkan, kí OT náà sì dé ilé ìwé kó wò ó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ san ti ìgbà kan tàbí méjì kó fi kọ́ ẹ̀yin àti olùkọ́ ní ohun tí ẹ máa ṣe, torí ọ̀dọ̀ yín lọmọ ń gbé.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera bíi OT sílẹ̀ níbí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní OT ní Ìlú Ọba. Ẹ bi í pé: "Kí lọmọ mi máa lè ṣe ní oṣù mẹ́ta tí kò lè ṣe lónìí, báwo la sì ṣe máa mọ̀?" Tí kò bá rí èsì tó ṣe pàtó sọ, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ tún ní kí GP ṣètò àyẹ̀wò etí. Oúnjẹ mẹ́ta péré tí ẹ kà sílẹ̀ sì ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bi wọ́n nípa onímọ̀ oúnjẹ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de OT.

Ìyá Ìníolúwa:
Ọ̀rọ̀ físà ni tèmi, torí ẹ̀rù yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa dákẹ́ tọ́mọ ń jìyà. NHS àti ilé ìwé ìjọba kò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní public funds, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí físà lè kà léèwọ̀. Tó bá jẹ́ físà Health and Care Worker lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, wọn kì í gba owó ìlera mọ́ físà lọ́wọ́ ẹ̀yin àti ọmọ, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí NHS. EHCP, ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé tí káńsù ń ṣe fún ọmọ, náà kì í ṣe public funds, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. DLA, owó ìjọba fún ọmọ tó ní àìlera, lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: public funds ni. Tí físà yín bá sọ pé no recourse to public funds, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ láìkọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò físà sọ̀rọ̀.

Òfin 2014 ló gbé EHCP jáde. Òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí káńsù, kò di dandan kí ilé ìwé kọ ọ́, kò sì di dandan kí dókítà ti fún àìsàn náà lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti sọ bóyá wọ́n máa ṣàyẹ̀wò, tí wọ́n bá sì gbà láti ṣe ètò náà, ó gbọ́dọ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pe ẹjọ́. SENDIASS, tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, wà ní àdúgbò yín, IPSEA, ẹgbẹ́ aláàánú kan, náà sì ń ṣàlàyé òfin lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé OT aládàáni wúlò níbí, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Káńsù gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò, kò pọn dandan kí wọ́n gbà á. Èyí tó bá kàn sọ pé "ìsinmi lè ràn án lọ́wọ́", wọn ò ní ṣe nǹkan kan sí i. Kó sọ iye ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, àti ẹni tó máa ṣe é.

Ìyá Dára:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun, mà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo ti rí orúkọ OT náà lórí HCPC. Mo kọ̀wé sí i pé àyẹ̀wò nìkan ni mo fẹ́, pẹ̀lú wíwo ọmọ ní ilé ìwé, ó sì gbà. Ọ̀la ni màá pe GP nípa etí àti oúnjẹ, màá sì béèrè lọ́wọ́ SENCO, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé, nípa EHCP.

Kó tó dìgbà yẹn, kí ni kí n ṣe sí yúnífọ́ọ̀mù? Ìsọmọlórúkọ kan tún wà ní Sátidé, ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, a ò lè ṣàì lọ.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́:
Ẹ yí inú ìbọ̀sẹ̀ síta kí ibi tí wọ́n rán má kan ìka ẹsẹ̀. Ẹ gé àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn aṣọ kúrò, ẹ sì bi ilé ìwé bóyá ó lè wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà. Kó tó wọṣọ láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ti ògiri tàbí kó bá yín gbé àpò ọjà, kí ẹ wá rọra tẹ èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́. Ẹ má rà á lára fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ìyẹn ló ń ta wọ́n lára jù. Tó bá ní kí ẹ fi òun sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún Sátidé, ẹ sọ fún un láti àná ọjọ́ náà pé ìlù máa wà. Ẹ bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ kó yọ̀ǹda yàrá kan, kí ọmọ mọ yàrá náà kí àwọn àlejò tó pé. Ẹ gbé ìrẹsì tirẹ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni má fi dandan mú un jẹ oyin tàbí ataare. Nígbà tó bá sì ní òun fẹ́ lọ sílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ni, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ mú ìwé yẹn lọ fún OT.