Glutamate ni oògùn ìyá mi ń bá jà: ṣé kí n kó irú àti mágì dànù?

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí ìgbàgbé ti ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní ebi ń pa wọ́n láti àárọ̀. Dókítà ní àrùn Alzheimer ni, pé ó ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀, ó wá kọ memantine fún wọn. Mo ka ìwé inú páálí oògùn náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ glutamate inú ọpọlọ ló ń bójú tó.

Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London ní ṣebí glutamate yẹn náà ló wà nínú mágì, pé àwa la fọwọ́ ara wa ba ọpọlọ ìyá wa jẹ́. Ó ní kí n kó mágì dànù. Ó tún rí i kà pé ó wà nínú irú àti tòmátì, ó ní kí n kó ìyẹn náà dànù. Bẹ́ẹ̀ Màmá kì í fẹnu kan ọbẹ̀ tí kò nírú. Lọ́jọ́ míì wọn ò mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé mi ò firú sí ẹ̀fọ́! Wọ́n ti ń rù. Kí tiẹ̀ ni glutamate yìí? Ṣé májèlé ni?

Ìyá Ìbejì:
Kó o dànù, jàre. Ṣebí mágì funfun làwọn kan fi ń fọ epo lára aṣọ? Ohun tó ń fọ aṣọ, kí ló máa ṣe nínú èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o. Ọṣẹ náà ń fọ aṣọ, ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń fọ̀ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, glutamate kì í ṣe májèlé. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, òun sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fi ń ta ara wọn jí sí iṣẹ́ jù lọ. Láìsí i, èèyàn ò ní lè kọ́ ohunkóhun, ká má tíì sọ pé á rántí. Sẹ́ẹ̀lì kan á tú díẹ̀ síta, èkejì á gbà á, calcium, èròjà kan inú ara, á wọlé sí i, ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Kíá, àwọn sẹ́ẹ̀lì míì tí wọ́n ń pè ní astrocyte á ti kó èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ohun míì tó ń jẹ́ glutamine, wọ́n á sì dá a padà. Tí kíkó yìí ò bá lọ déédéé ni wàhálà dé: calcium á máa ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì láìdáwọ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì á ṣiṣẹ́ títí á fi kú. John Olney, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé irú ikú yìí ní 1969.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá kọluni. Ẹ̀jẹ̀ ò dé apá kan ọpọlọ mọ́, agbára ibẹ̀ tán, glutamate á ya jáde bí omi tó já odi, á sì máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láyìíká tí wọn ì bá yè. Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́ lọ sílé àdúrà. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹ máa gbàdúrà lọ́nà.

Ti Alzheimer yàtọ̀. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ṣe ni glutamate ń jò díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan tó ń jẹ́ NMDA wà lára sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni calcium ń gbà wọlé. Èròjà míì, magnesium, ló máa ń dí i tí kò bá síṣẹ́. Jíjò yẹn ò jẹ́ kó rí i dí dáadáa. Memantine ló ń bá a dí i, ṣùgbọ́n kì í dí i pa. Tí iṣẹ́ gidi bá dé, á tètè yẹra. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2003 fún àwọn tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára. Má retí pé Màmá á padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ o. Kó má tètè burú sí i là ń wá.

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ti inú ìkòkò ọbẹ̀ wá ńkọ́?

Tíṣà Oúnjẹ:
Mo bá yín dá sí i. Glutamate inú irú àti èyí tó wà nínú mágì funfun, ọ̀kan náà ni wọ́n. Omi ewéko inú òkun ni Kikunae Ikeda, ará Japan, ti rí i ní 1908. Ó wà nínú tòmátì, ó wà nínú wàrà ọmú pàápàá. Ìfun ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, odi kan sì wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ìyókù wọlé bó ṣe wù ú. Eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni Olney gún lábẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì pọ̀ gan-an. Kì í ṣe àgbàlagbà tó ń jẹ ẹ̀fọ́.

Èyí tó ba ọpọlọ jẹ́ láti inú oúnjẹ wà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe mágì. Ní 1987, àwọn èèyàn jẹ mussel, irú ìṣáwùrú inú òkun kan tó ní ìkarawun méjì, tó wá láti Prince Edward Island ní Kánádà. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ẹni tó ṣàìsàn, àwọn kan kú, iyè àwọn míì ò sọ mọ́. Domoic acid, májèlé tó wà nínú ìṣáwùrú náà, ló ń fara wé glutamate lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ.

Iyọ̀ gan-an ló yẹ kí àbúrò yín máa bínú sí. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì onígun, iyọ̀ àpọ̀jù ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ àti ìgbàgbé. Ẹ dín mágì kù, ẹ fi irú sílẹ̀. Kìkì pé ẹ wo irú wooro dáadáa, àwọn kan máa ń da iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.

Ọmọ Mẹ́sí Ọ̀gọ̀:
Ẹ bá mi sọ èyí fún àbúrò wa ní London: ní 1992 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà Yorùbá n'Ìbàdàn àti àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, Alzheimer ń mú bí 1.15 nínú 100 n'Ìbàdàn, ó ń mú 2.52 nínú 100 lọ́hùn-ún. Mi ò sọ pé irú ló fà á o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ irú ló kéré níye yẹn.

Apòògùn Àdúgbò:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, gbogbo yín ń jà lórí ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè nípa oògùn. Mílígíráàmù 5 lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi dé 20. Ẹ má sáré é. Ó lè mú kí òyì kọ́ wọn tàbí kí wọ́n máà rí ìgbẹ́ yà. Ṣé wọ́n ti yẹ kíndìnrín wọn wò? Tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, dókítà á dín oògùn kù. Ẹ má sì fún wọn ní àwọn iyọ̀ tó ń hó nínú omi yẹn léraléra fún inú kíkún, torí kì í jẹ́ kí memantine tètè bá ìtọ̀ jáde. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn ò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan. Ẹnu ọ̀nà NMDA yẹn ni òun náà ń dí.

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo:
Háà! Ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo ra olómi kan lánàá. Ó wà lára ìgò níbí o: dextromethorphan.

Apòògùn Àdúgbò:
Ṣé wọ́n ti mu ún?

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo:
Rárá, wọ́n ní ó korò.

Apòògùn Àdúgbò:
Ẹ má fún wọn. Ẹ gbé ìgò náà àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú láílọ́ọ̀nù kan, ẹ kó o lọ bá dókítà wọn lọ́la, kẹ́ ẹ sì sọ ti ikọ́ yẹn fún un.