Ayálégbé ni, kì í ṣe alájọgbé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé kí a túmọ̀ "tenant", ìyẹn oníbàárà tó ní àká dátà (database) tirẹ̀ lórí sáfà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, sí "alájọgbé". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n "jọ" inú ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Jọ náà ló wà nínú àjọjẹ, àjọṣe, àjọni. Àjọjẹ kò sì dùn bí ẹnì kan ò ní. Níbi tí "jọ" bá wọ̀, ohun kan wà tí a ń pín lò. A ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àká tirẹ̀ kí wọ́n má baà pín ohunkóhun ni, kí ilé ìwòsàn kan má ṣèèṣì rí orúkọ aláìsàn ilé ìwòsàn kejì.

"Olùgbé" tí ẹlòmíràn mú wá kò tó. Onílé pàápàá olùgbé ni. Ayálégbé ló ń sanwó, òun ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ lọ nígbàkigbà. Bí àká rẹ̀ bá dá dúró, pg_dump kan ṣoṣo (àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà àká) kó gbogbo ẹrù náà, DROP DATABASE (àṣẹ tó ń pa àká rẹ́) sì gbá ilé mọ́.

Wọ́n ní "ilé" inú ayálégbé ti há jù. Kò há. Lórí PostgreSQL, ètò tí a fi ń tọ́jú àká dátà, ẹni tó ní database tirẹ̀ ní ojúlé. Ẹni tó ní schema (ìpín kan nínú database) ní yàrá. Ẹni tó wà nínú tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, tó jẹ́ pé tenant_id (àmì oníbàárà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan) nìkan ló yà wọ́n, ẹní ló tẹ́ sí pálọ̀. Ẹlẹ́ní yìí nìkan ni mo lè gbà pé kí a pè ní alájọgbé. Kódà, bí a bá fi row-level security, òfin tó ń sọ ìlà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí (ó dé pẹ̀lú PostgreSQL 9.5, ọdún 2016), ṣọ́ pálọ̀ náà, ẹni tó ni tábìlì ṣì ń rí ẹní gbogbo èèyàn, àfi bí a bá kọ FORCE ROW LEVEL SECURITY.

Yàrá ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá ń lo PgBouncer (ètò tó ń pín ìsopọ̀ sí database) ní transaction mode, níbi tí ìsopọ̀ kan ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn bí iṣẹ́ kan bá ti parí, tó sì kọ SET search_path (àṣẹ tó ń yan yàrá) lásán, ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: ètò náà dúró lórí ìsopọ̀, ayálégbé tó kàn á bọ́ sí yàrá oníyàrá. BEGIN ni kó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà SET LOCAL search_path, tó ń parẹ́ bí iṣẹ́ náà bá ti parí.

Orúkọ ló yẹ kí àwa elédè bìkítà fún jù. Ẹ má fi orúkọ oníbàárà sọ database tàbí schema. PostgreSQL kì í gbà ju báìtì 63 lọ. "Ọ́" kan ṣoṣo jẹ́ báìtì 5, mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn, nítorí náà irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò lè ju 12 lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ó ń gé e sọnù, ìkìlọ̀ lásán ló sì ń fi sílẹ̀. Bí orúkọ gígùn méjì bá wá jọra láti iwájú, tí a sì kọ CREATE SCHEMA IF NOT EXISTS, ayálégbé kejì ti wọ yàrá ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ tí a tẹ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo pẹ̀lú o tí a fi àmì abẹ́ lé lọ́tọ̀ rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n báìtì wọn yàtọ̀. Ẹ lo t_0041, kí ẹ kọ orúkọ gidi, àmì ohùn àti gbogbo rẹ̀, sínú tábìlì kan lọ́dọ̀ onílé.

Ẹni tó ní kí a sọ "dátà" nù nítorí pé "dátà mi ti tán" làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ èdè bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣiṣẹ́ lórí èdè ìperí tọkàntọkàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àyálò bíi fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ṣì wà lẹ́nu wa.

Èyí tí n kò lè gbà rárá ni "adágún ìsopọ̀" fún "connection pool", ìyẹn àwọn ìsopọ̀ tí a tò sílẹ̀ kí a máa lò wọ́n ní àlòtúnlò. Adágún ni omi tó dá gún sójú kan. Ìsopọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. PostgreSQL gba ìsopọ̀ 100 bí a kò bá yí max_connections padà, ó sì fi 3 pamọ́ fún alábòójútó, ó ku 97. Ìsopọ̀ kì í ti ojúlé kan kọjá sí òmíràn níbẹ̀, kò dà bíi MySQL tó ní USE. Bí ètò wa bá ní process méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìsopọ̀ 5 mú fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, 10 ni ayálégbé kan ń gbà, àyè kò ní tó fún ẹnì kẹwàá. PgBouncer nìkan kò sì yanjú rẹ̀, torí 20 ni default_pool_size rẹ̀ (iye ìsopọ̀ tó lè dì mú) fún user àti database kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á sílẹ̀ sí 2 tàbí 3. Èyí tó bá jókòó lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á jáde fúnra rẹ̀.

Gáréèjì ni mo fẹ́ kí a pe "pool" náà: ọkọ̀ tò, ó gbérò, ó padà wá tò. Ẹ̀gbọ́n á ní gáréèjì kì í ṣe Yorùbá. Kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó ní lílọ àti bíbọ̀ nínú wá, mo ń retí rẹ̀.