Oyè Àkọ́kọ́ àti Másítà Pa Pọ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Ìlà-Oòrùn Éṣíà: Ẹ Gbà Wá Nímọ̀ràn

Ìyá Bódìjà béèrè:
Mo kí gbogbo yín o. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ó dàgbà sọ́dọ̀ wa ní Bódìjà, wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn, ìṣèlú àti èdè àwọn ará Ṣáínà. Ẹ̀ka rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé ó lè so oyè àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ másítà, kí ó sì parí méjèèjì ní ọdún márùn-ún dípò mẹ́fà. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì másítà mẹ́rin tí ó bá ṣe ní ọdún kẹrin ni àwọn yóò kà mọ́ oyè méjèèjì. Bàbá rẹ̀ ti ń yọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan ti bọ́ lọ́rùn òun, ṣùgbọ́n ní tiwa níbí, ọmọ a gboyè, a ṣe àgùnbánirọ̀, kí ó tó padà lọ ra fọ́ọ̀mù másítà. Ṣé kò sí ewu nínú ìkánjú yìí?

Olùkọ́ Agbowó dáhùn:
Ẹ kú àníyàn, mà. Ètò náà wọ́pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Oyè àkọ́kọ́ sábà máa ń gba 120 kírẹ́díìtì, másítà sì máa ń gba nǹkan bí 30. Bí kọ́ọ̀sì mẹ́rin bá jẹ́ 12, tí wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, 138 ni ọmọ náà yóò ṣe ní tòótọ́ dípò 150. Ibi tí owó ti dín kù nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wádìí ni ìgbà tí oyè àkọ́kọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń fún ọmọ ní òpin ọdún kẹrin, àwọn mìíràn sì ń dá a dúró títí másítà yóò fi parí. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ yóò bá a dé ọdún karùn-ún, torí ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ owó jẹ́ ti oyè àkọ́kọ́ nìkan. Ti àgùnbánirọ̀ kò le rárá: bí kò bá tí ì lé ní 30 ọdún nígbà tí ó gboyè, yóò sìn, másítà kò sì dí i lọ́wọ́.

Ọmọ Ṣáńgò dáhùn:
Olùkọ́ ti sọ ti owó. Ti èdè ni mo bá wá. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ilẹ̀ òkèèrè ka èdè Ṣáínà mọ́ àwọn tí ó le jù fún ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fojú bù ú sí nǹkan bí 2,200 wákàtí nínú kíláàsì, nígbà tí ti Sípéènì kò tó 800. Ọdún márùn-ún kì í fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí, ọdún tí ó yẹ kí ọmọ lò ní Táípéì, olú-ìlú Taiwan tí wọ́n ti ń sọ èdè Ṣáínà, tàbí ní Bẹ́íjìn ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ gé. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí ń wá kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kì í kọjá “ẹ kú àárọ̀”. Ẹni tí ó bá ìdílé kan gbé fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ á dúró níwájú ìyá aláta ní ọjà Bódìjà, á ṣa tàtàṣé tí ó ti rọ̀ kúrò, á sì ní kí wọ́n fi èènì sí i. Kí ni èèyàn fẹ́ fi másítà nípa ilẹ̀ kan ṣe bí kò bá lè dá ka ìwé ìròyìn ibẹ̀?

Ìyá Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pè é. Òpin ọdún kẹrin ni oyè àkọ́kọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò sì kọjá ibẹ̀. Ó ní ọ̀mọ̀wé ni òun fẹ́ dà. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Olùkọ́ Agbowó:
Ó yí i padà púpọ̀, mà. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń gba ọmọ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé láti orí oyè àkọ́kọ́, wọ́n ń sanwó fún un, wọ́n sì ń fún un ní másítà lójú ọ̀nà. Èmi kò ní jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sanwó lápò fún ohun tí ó lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó gba oyè àkọ́kọ́, kí ó fi ọdún karùn-ún kọ́ èdè ní Táípéì. Ìjọba Taiwan ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fún àwọn àjèjì tí ó fẹ́ kọ́ èdè Ṣáínà, kí ó sì tètè wò ó bóyá ọmọ Nàìjíríà lè béèrè fún un.