Agbẹ̀bí ni mí, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọmú dójú àmì. Ta ló ti ṣe IBCLC (ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún olùdámọ̀ràn lórí fífọ́mọ lọ́mú) nínú yín?

Màmá Wọ́ọ̀dù (Abẹ́òkúta):
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń gbẹ̀bí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó bí àkọ́bí padà wá bá wa ní ọjọ́ kẹrin. Ọmú rẹ̀ le bí òkúta, ọmọ ń ké, ìyá ọkọ rẹ̀ sì gbé ìgò àgbo dání lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ: "Ẹ ṣáà máa fún un lọ́mú." Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mo ń fún un. Kò mọ̀ ọ́n mu ni." Ọ̀rọ̀ pèsìjẹ, ojú tì mí.

Mo ti ń gbọ́ nípa IBCLC. Ṣé ó dìgbà tí mo bá lọ sílùú òyìnbó? Mátírọ̀nù wa sọ pé ọgbọ́n àtigbowó ni, pé ta ló kọ́ ìyá òun bí wọ́n ṣe ń fọ́mọ lọ́mú?

Àǹtí Oyin (Manchester):
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 7 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí n'Ílọrin kí n tó débí, mo sì ti ṣe ìdánwò yẹn.

Ẹ bá mi kí Mátírọ̀nù. Inú agbo ilé ni àwọn ìyá wa ti kọ́ ọ. Kí ọmọbìnrin tó wọlé ọkọ, ó ti rí ìyàwó ilé bíi mélòó kan tó ń fọ́mọ lọ́mú lójú rẹ̀. Ẹni tó bímọ sí yàrá kan tòun tọkọ rẹ̀ lónìí, ta ló rí? Àti pé àwọn ìyá wa náà ń fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù, wọ́n ní ó dọ̀tí, wọ́n á wá fi omi àtàgbo rọ ọmọ. Kò yẹ ká máa fi gbogbo tiwọn yangàn.

Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rìnrìn àjò. IBLCE, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí yìí, ló ń ṣe ìdánwò náà láti ọdún 1985. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ti àkọ́kọ́ ni tiyín, torí ẹ ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n fẹ́ wákàtí 95 ẹ̀kọ́ lórí ọmú, 5 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti bá a ṣe ń bá abiyamọ sọ̀rọ̀ (ẹ má fojú di 5 yẹn o). Wọ́n tún fẹ́ wákàtí 1,000 tẹ́ ẹ fi ran abiyamọ lọ́wọ́ lórí ọmú láàárín ọdún 5 tó ṣáájú ìdánwò. Ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ẹ ti ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ kàn ń ṣe é láìkọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ ra ìwé kan lónìí, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Ẹ má kọ orúkọ ìyá kankan sí i.

Ìbéèrè 175 ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún. Apá kejì tó kún fún àwòrán ló fojú mi rí màbo. Ìwé tí mo fi kàwé, ara òyìnbó ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmú tó wú tó sì gbóná kì í pọ́n lára wa bó ṣe ń pọ́n lára tiwọn. Àwọn kan ń ṣe é nílé lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ wọn. Ẹ̀yin tí iná ń lọ mọ́ lórí, ẹ ronú sí i dáadáa! Iye owó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ wo ti Nàìjíríà kẹ́ ẹ tó páyà. Lẹ́yìn ọdún 5, ẹ ó tún un ṣe kó di ọ̀tun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló là mí lójú. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, olùkọ́ wa gbé ìbọ̀sẹ̀ kan wá, wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀, wọ́n rán bọ́tìnnì mọ́ ọn ṣe orí ọmú. Ó gbé bèbí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń ran ìyá lọ́wọ́. Mo gbá ìbọ̀sẹ̀ mú, mo fọwọ́ kejì ti orí bèbí wá síwájú, mo ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bá a ṣe ń ṣe é n'Ílọrin. Ó bi mí pé, "Ọmú ta nìyẹn?" N kò rí èsì. Ó ní kí n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí n fi ojú àti ẹnu nìkan ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ wa yá jù. Ẹ jókòó ti ìyá, kẹ́ ẹ wò ó. Ṣé ikùn ọmọ kan tìyá rẹ̀, àbí ọrùn ló yí kó tó rí ọmú? Kí imú rẹ̀ kọjú sí orí ọmú, kó lè gbé orí sẹ́yìn, kó la ẹnu gbàgà, kí àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ kan ọmú. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá ó ń gbé mì. Tó bá fi ọmú sílẹ̀, ẹ wo orí ọmú: tó bá gé ní ẹ̀gbẹ́ kan bíi lípísítíìkì tuntun, kò gbá ọmú mú dáadáa.

Ọmọbìnrin tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọmú tó le bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dì mú fún ìkókó. Kó fi orí ìka rọra tẹ ibi dúdú tó yí orí ọmú ká sẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú kan, tàbí kó fún díẹ̀ sínú ṣíbí kó fi fún ọmọ. Tíbẹ̀ bá ti rọ̀, kó wá gbé ọmọ sọ́mú.

Ìyá Táyé-Kẹ́hìndé (Èkó):
Ẹ gbà mí o. Ẹnì kan wá sílé mi, ó ní òun ni olùdámọ̀ràn ọmú, ó gbowó lọ́wọ́ mi. Mo ní ibo lẹ ti kọ́ ọ, ó ní ọjọ́ mẹ́ta lórí WhatsApp. Tíì àti bisikíìtì tó ń mú omi ọmú wá ló tà fún mi. Kò tiẹ̀ wo ẹnu àwọn ọmọ! Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò ní sábúkéètì kankan ló ràn mí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Òun náà bí ìbejì.

Àǹtí Oyin:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá lóun jẹ́ IBCLC, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tó wà lórí ìkànnì IBLCE. Tẹ́ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ bi í dáadáa. Àmọ́ ẹ má kẹ́gàn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni La Leche League ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 1956: àwọn abiyamọ tó ń gba abiyamọ bíi tiwọn níyànjú. Ọmú tó ń dunni tàbí ọmọ tí kò fẹ́ sùn, wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá àwa àti dókítà kíá.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Tí àwọn tó ń ta mílíìkì ọmọdé bá gbé bírò àti kàlẹ́ńdà wá sí wọ́ọ̀dù, ẹ má gbà á. Ìlànà àgbáyé ti ọdún 1981 ti kọ irú ìpolówó yẹn, ẹ ó sì bá a nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa.

Màmá Wọ́ọ̀dù:
Oyin, Olúwa á fún ẹ lókun. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn lówùúrọ̀ yìí. Ó le o! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọwọ́ ń jáde fúnra rẹ̀. Ìyá ìkókó náà ló wá sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbìyànjú."

Mo ti ra ìwé, mo ti ra ìbọ̀sẹ̀. Kí ni kí n kì sínú rẹ̀, òwú àbí ìrẹsì?

Àǹtí Oyin:
Òwú, mà. Ìrẹsì á wúwo jù.